Ìdí tí lẹ́tà fi ń kéré bíńtín lójú kọ̀ǹpútà tuntun, àti ohun tí ẹ lè ṣe sí i

Ẹjọ́ kan wà tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń gbọ́ lẹ́nu oníbàárà léraléra. Èèyàn á fi owó gidi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká, yálà tuntun tàbí tòkunbọ̀, wọ́n á sọ fún un pé ojú rẹ̀ mọ́ kedere, pé 4K ni, pé irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ lọ́jà. Nígbà tó bá gbé e délé, fíìmù á dára lójú rẹ̀ lóòótọ́, fọ́tò á máa dán gbinrin. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣí ètò tó fi ń ṣírò owó ọjà rẹ̀, tàbí èyí tó fi ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó fún oníbàárà, ọ̀rọ̀ á bẹ̀yìn yọ. Bọ́tìnnì á kéré bí orí ìṣó, lẹ́tà á rí wínníwínní bí ọmọ èèrà, kò ní lè kà á àfi tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan kọ̀ǹpútà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ètò náà á tóbi bó ṣe yẹ, àmọ́ gbogbo ojú rẹ̀ á ṣe bàìbàì bí ẹni ń wo nǹkan láàárín kùrukùru ọyẹ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á gbà pé ojú àwọn ni kò ríran mọ́, wọ́n á gba ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú lọ. Àwọn mìíràn á pariwo pé wọ́n ti ta ayédèrú fún àwọn. Àwọn kan sì wà tí ẹni tó gbọ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà á bá dín iye iná tó ń ṣiṣẹ́ lójú kọ̀ǹpútà náà kù, wọ́n á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, láìmọ̀ pé ohun tí wọ́n san owó lé lórí gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ nù yẹn. Kò sí ohun tó ṣe ojú wọn, kọ̀ǹpútà náà kò sì bàjẹ́. Ọ̀nà tí ètò tí wọ́n ń lò fi ń ṣe ìṣirò ìwọ̀n ni wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ojú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tó dán geere bó ṣe rí lójú ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Iná kéékèèké ló tò jọ síbẹ̀ ní ìlà-ìlà, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sára aṣọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń tan àwọ̀ tirẹ̀. Píksẹ́lì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wọ́pọ̀ ní nǹkan bí ọdún 2010, èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 15.6 láti igun dé igun, ní píksẹ́lì 1366 ní ìbú àti 768 ní òró. Bí wọ́n bá pín in, nǹkan bí 100 ló wà nínú ínṣì kan. Kọ̀ǹpútà mìíràn tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àmọ́ tó jẹ́ oní-4K, ní 3840 ní ìbú àti 2160 ní òró, ìyẹn ni pé nǹkan bí 282 ló há sínú ínṣì kan ṣoṣo. Ojú kọ̀ǹpútà kò fẹ̀ sí i rárá, iná inú rẹ̀ ló di wẹ́wẹ́.

Ẹ fi ọjà gààrí wò ó. Ìyá kan rán ọmọ rẹ̀ pé kó lọ ra kóńgò gààrí mẹ́wàá wá, torí ó mọ̀ pé kóńgò mẹ́wàá ló ń kún àpò òun. Bí àwọn ọlọ́jà bá ti pàdé pọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí wọ́n gé kóńgò kù títí tó fi di ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, ọmọ náà á ra mẹ́wàá pé pérépéré, síbẹ̀ àpò kò ní dé ìdajì. Ọmọ kò jalè, ìyá kò sì ṣi iye tó dá sọ. Iye ni ìyá fi rán ọmọ, kò fi ìwọ̀n rán an. Bí ọ̀pọ̀ ètò àtijọ́ ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó kọ ètò náà ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí àwòrán kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ fẹ̀ ní píksẹ́lì 16. Lójú kọ̀ǹpútà oní-100, mìlímítà mẹ́rin ni ìyẹn. Lójú oní-282, kò tó mìlímítà kan àtààbọ̀, ohun tí wọ́n sì ní kí àgbàlagbà máa fi máòsì wá kàn nìyẹn.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti àwọn tó kọ ètò wọ̀nyí nìkan. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Apple gbé kọ̀ǹpútà Macintosh jáde ní 1984, píksẹ́lì 72 ni wọ́n fi sínú ínṣì kan, kó lè bá ìwọ̀n tí àwọn òǹtẹ̀wé fi ń wọn lẹ́tà mu, torí nǹkan bí ìdá kan nínú 72 ínṣì ni òǹtẹ̀wé ń kà sí ẹyọ kan. Bí lẹ́tà bá ṣe ga tó lójú kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe ga tó lórí bébà. Àwọn Microsoft ní tiwọn wò ó pé èèyàn máa ń jìnnà sí ojú kọ̀ǹpútà ju bó ṣe ń jìnnà sí ìwé tó ń kà lọ, ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Wọ́n bá fi ìdá kan nínú mẹ́ta 72, tí í ṣe 24, lé e, ó di 96. Láti ìgbà náà ni Windows ti ń fi 96 ṣe òṣùwọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òfin tó de àwọn tó ń ṣe ojú kọ̀ǹpútà pé iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sínú ínṣì nìyẹn.

Fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ìṣirò yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé kò sí ojú kọ̀ǹpútà tí ará ìlú ń rà tó jìnnà sí 100. Láti ayé Windows 95 ni ààyè ti wà fún ẹni tó bá fẹ́ kí lẹ́tà tóbi sí i, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lò ó kò tó nǹkan, àwọn tó ń kọ ètò kò sì yọ ara wọn lẹ́nu láti dán an wò. Ní 2001, ilé-iṣẹ́ IBM gbé ojú kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní T220 jáde, ó fẹ̀ ní ínṣì 22, iná inú rẹ̀ sì jẹ́ 3840 lọ́nà 2400. Àwọn ilé ìwádìí àti àwọn tí owó kò jẹ́ nǹkan lójú wọn ló wà fún. Fóònù ló wá mú ọ̀rọ̀ náà dé ilé gbogbo èèyàn. Ní oṣù kẹfà 2010 ni iPhone 4 jáde pẹ̀lú píksẹ́lì 326 nínú ínṣì kan, nígbà tó sì di oṣù kẹfà 2012, Apple gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká MacBook Pro kan jáde tó ní 2880 lọ́nà 1800, ìyẹn nǹkan bí 220 nínú ínṣì kan. Àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù kò jẹ́ kó tutù kí wọ́n tó tẹ̀ lé e.

Ọgbọ́n tí Apple dá rọrùn. Ìlọ́po méjì géérégé ni wọ́n fi ṣe é: ibi tí ètò bá ti ní kí wọ́n tan iná kan, mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà yóò tàn, méjì ní ìbú, méjì ní òró. Ètò tí kò gbọ́ nǹkan kan nípa ojú kọ̀ǹpútà tuntun á ṣì tóbi bó ṣe tóbi tẹ́lẹ̀. Lẹ́tà tó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń bá ètò kọ ọ́ á sì mọ́ kedere, àwọn àwòrán kéékèèké nìkan ni yóò ṣe hárahàra díẹ̀. Windows kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọgọ́rọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi í sí, oríṣiríṣi sì ni ojú tí wọ́n ń lò. Ó di dandan kó gba ìwọ̀n bíi 125%, 150% àti 175%. Ìlà tó nípọn ní píksẹ́lì kan á wá di ọ̀kan àtààbọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí bí wọ́n ṣe lè tan ààbọ̀ iná. Yálà kí ìlà náà jẹ́ ẹyọ kan, tàbí kó jẹ́ méjì, tàbí kí iná kejì tàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Fífẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ yìí ni àwọn èèyàn ń rí tí wọ́n fi ń nu ojú.

Fún ẹni tó ń ka Yorùbá tàbí tó ń kọ ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti fàájì ojú. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lè fara da ojú kọ̀ǹpútà tí kò mọ́, torí ẹrù orí rẹ̀ kò pọ̀. Lẹ́tà Yorùbá ń ru àmì ohùn lórí, ó sì tún ń jókòó lé àmì mìíràn nísàlẹ̀. Lẹ́tà oníwọ̀n 9, tí Windows fi ń kọ ọ̀pọ̀ orúkọ tó wà lójú kọ̀ǹpútà, píksẹ́lì 12 péré ni ààyè tó ní lójú kọ̀ǹpútà oní-96. Lẹ́tà o fúnra rẹ̀ á gba nǹkan bí mẹ́fà níbẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ ń bá àwọn lẹ́tà gíga pín. Ẹyọ píksẹ́lì kan ṣoṣo ló sábà máa ń kan àmì abẹ́. Bí ẹyọ kan náà bá ti ṣe bàìbàì, ọ ti di o nìyẹn, ẹ ti di e, ṣ ti di s. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n, ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́, á wá jọ ara wọn bí ìbẹta. Bó bá sì jẹ́ pé àmì abẹ́ ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko ló sọ nù, ohun tó kù lójú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọmọlúàbí ń kà sókè níwájú àna rẹ̀.

Lójú kọ̀ǹpútà tí iná rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, píksẹ́lì 24 ni lẹ́tà yẹn yóò ní. Àmì abẹ́ á ní mẹ́rin dípò ẹyọ kan, àmì òkè á sì dá dúró débi tí èèyàn á fi mọ èyí tó jẹ́ ohùn òkè yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀, láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi ìtumọ̀ gbólóhùn méfò. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, àwọn ojú kọ̀ǹpútà olójú-wẹ́wẹ́ yìí ṣe èdè Yorùbá lóore ju bí wọ́n ṣe ṣe Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ àdánù fún ẹni tó ní i láti tún máa wá bó ṣe máa sọ ọ́ di ti àtijọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń ṣe gan-an nìyẹn. Nínú Windows, ibi méjì ló wà lójú kan náà tí èèyàn lè fọwọ́ kàn. Orúkọ èkíní ni Display resolution, orúkọ èkejì ni Scale. Ẹni tó bá lọ sí Display resolution, tó sọ 3840 lọ́nà 2160 di 1920 lọ́nà 1080, gbogbo nǹkan lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ á tóbi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iná tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ ló sọ di mílíọ̀nù méjì ó lé díẹ̀. Mẹ́rin-mẹ́rin ló so pọ̀ tí wọ́n ń tàn bí ẹyọ kan. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tó rà ló lọ yẹn. Bó bá wá lọ sọ ọ́ di 1366 lọ́nà 768, nítorí pé iye tó mọ̀ nìyẹn lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́, ó tún burú sí i, torí pé iná méjì àti ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ni yóò máa ṣojú ẹyọ kan. Ìṣirò náà kò pé, kọ̀ǹpútà á kàn máa ra àwọ̀ mọ́ra wọn ni.

Scale ló yẹ kí wọ́n fọwọ́ kàn. Iná kankan kò ní kú níbẹ̀. Ohun tí Windows ń ṣe ni pé yóò sọ fún ètò pé kóńgò ti kéré o, má ṣe ka ínṣì kan sí 96 mọ́. Bí ẹ bá mú 150%, 144 ni yóò ní kí wọ́n máa kà. Bí ẹ bá mú 200%, ó di 192. Ètò tó bá gbọ́ràn á fi iná púpọ̀ kọ lẹ́tà kan náà, lẹ́tà á tóbi, á sì mọ́ kedere. Ibi tí ìyàtọ̀ ti wà ni pé kì í ṣe gbogbo ètò ló ń gbọ́ràn.

Àwọn kan wà tí wọn kò gbọ́ rí pé kóńgò lè yí padà. Irú wọn ni àwọn ètò ìṣirò kéékèèké tí wọ́n fi Visual Basic 6 ti ọdún 1998 kọ fún ilé oògùn, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tí ẹni tó kọ wọ́n lè ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí kó ti rìnrìn àjò. Láti ìgbà tí Windows Vista ti dé ọwọ́ aráyé ní 2007 ni Windows ti ń fi ọgbọ́n bá irú wọn lò. Á ní 96 náà ni, kí wọ́n máa ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe. Bí ètò náà bá ti ya ojú rẹ̀ tán ní kékeré, Windows á fa àwòrán náà fẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá fa fọ́tò pásípọ́ọ̀tù di pátákó ìkéde ìsìnkú. Ó tóbi, wọ́n dá ojú olóògbé mọ̀, àmọ́ kò mọ́. Ibi tí bàìbàì ti ń wá nìyẹn.

Àwọn kejì ni àwọn tó ń béèrè iye kóńgò nígbà tí wọ́n bá ń jí, tí wọn kì í sì í béèrè mọ́ títí tí wọ́n á fi pa wọ́n. Wọ́n dára fún ẹni tó ń lo ojú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Àwọn kẹta ló gbọ́n jù, torí pé bí wọ́n bá gbé wọn láti ojú kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n á tún ìwọ̀n ara wọn ṣe lójú ẹsẹ̀. Windows 8.1 ti ọdún 2013 ló kọ́kọ́ fún wọn láyè, àtúnṣe tó jọjú sì bá a nínú Windows 10 tó jáde ní oṣù kẹrin 2017.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Ètò ní ìwé ẹ̀rí kékeré kan nínú, níbi tó ti ń sọ fún Windows bóyá òun mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ìwọ̀n tàbí òun kò mọ̀. Àwọn ètò kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn mọ̀, nígbà tó sì jẹ́ pé inú wọn kún fún píksẹ́lì 16 níhìn-ín, píksẹ́lì 20 lọ́hùn-ún. Windows gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́, ó ká ọwọ́ kúrò lára wọn, wọ́n bá di kíún. Nítorí náà, bí ètò yín bá ṣe bàìbàì, ẹ mọ̀ pé kò mọ̀, ó sì jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀. Bó bá kéré bíńtín, irọ́ ló pa. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé oògùn àwọn méjèèjì kò jọra.

Àwọn kan tún pa irọ́ yẹn ní ààbọ̀. Wọ́n jẹ́ kí lẹ́tà tóbi, wọn kò sì jẹ́ kí àpótí tí lẹ́tà náà wà nínú rẹ̀ tóbi. Lẹ́tà á wá kún àpótí dẹ́nu, ohun tó bá yọ sókè tàbí sísàlẹ̀ á gé kúrò. Ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lè má mọ̀, bó bá tiẹ̀ mọ̀, ìrù g àti y ló pàdánù. Ẹni tó ń kọ orúkọ Ọ́lá tàbí Ẹ̀bùn sínú àpótí bẹ́ẹ̀ á pàdánù lókè, á pàdánù nísàlẹ̀.

Kò yẹ kí wọ́n rò pé àwọn ètò kéékèèké nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá. Photoshop ti ilé-iṣẹ́ Adobe, tó jẹ́ irinṣẹ́ àwọn tó ń fi fọ́tò jẹun káàkiri ayé, náà jẹ nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní CS6, tó jáde ní 2012, gba àtúnṣe fún àwọn oní-MacBook Pro tuntun nínú oṣù kejìlá ọdún náà. Àwọn tó ń lo Windows ní láti dúró di 2014, nígbà tí Photoshop CC ti ọdún náà dé pẹ̀lú ààyè láti sọ ojú rẹ̀ di ìlọ́po méjì, gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n ṣì ń dán wò. Ẹni tó bá ṣì ń lo CS6 lórí Windows tó jẹ́ oní-4K lónìí, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe máa fojú wá irinṣẹ́ rẹ̀ kiri.

Ohun tí oníkọ̀ǹpútà lè ṣe fúnra rẹ̀ kò le. Kí ẹ kọ́kọ́ wo ojú Display nínú Settings, kí ẹ rí i dájú pé iye tí Windows kọ Recommended sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló wà ní Display resolution, kí ẹ wá fi Scale sí ibi tí ojú yín bá ti tù yín. Bí ọ̀pọ̀ nǹkan bá ti dára, tó ku ètò kan ṣoṣo tó ń ṣorí kunkun, kí ẹ ti ètò náà pa, kí ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ àwòrán rẹ̀, kí ẹ lọ sí Properties, láti ibẹ̀ sí Compatibility, kí ẹ sì tẹ Change high DPI settings. Nísàlẹ̀ ojú tó bá yọ, ẹ ó rí Override high DPI scaling behavior. Ẹ fi àmì sí i. Ohun mẹ́ta ló ní: Application, System àti System (Enhanced).

Bó bá jẹ́ ètò tó kéré bíńtín lẹ ń bá jà, System (Enhanced) ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ohun tó ń ṣe ni pé yóò gba ìkọ̀wé lẹ́tà lọ́wọ́ ètò náà, yóò sì fi ìwọ̀n tuntun kọ ọ́, tó fi jẹ́ pé lẹ́tà á tóbi, á mọ́. Àwọn ètò tó ń yàwòrán lọ́nà àtijọ́ ló ń ṣiṣẹ́ fún jù. Bí ètò yín kò bá gbà á, tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí ara wọn, ẹ padà sí System. Ó ṣeé ṣe kó ṣe bàìbàì díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó rí bọ́tìnnì tẹ̀. Application ní tirẹ̀ ni ti ẹni tí ètò rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tó sì fẹ́ kó mọ́ kedere bó tilẹ̀ kéré. Àwọn tó ń ya àwòrán ilé àti àwọn tó ń ṣe àtúnṣe fọ́tò máa ń fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè ba iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe sílẹ̀ jẹ́, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù láti dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tó ń kọ ètò ni iṣẹ́ gidi wà lọ́wọ́ wọn. Kò sí àwáwí fún ẹni tó bá ń kọ ètò tuntun lónìí tó sì ń fi píksẹ́lì ka ìwọ̀n. Ìṣirò tó wà níbẹ̀ kò ju kí wọ́n mú ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye tí Windows sọ, kí wọ́n wá fi 96 pín in. Àwòrán kékeré tí wọ́n yà ní ẹyọ kan kò tó. Ó yẹ kó wà ní 16, 24, 32 àti 48 ó kéré tán, tàbí kí wọ́n yà á lọ́nà tí kò ní ìwọ̀n pàtó, bíi SVG. Kí wọ́n má sì kọ PerMonitorV2 sínú ìwé ẹ̀rí ètò wọn títí dìgbà tí wọ́n bá ti dán an wò ní 125%, 150% àti 200%, tí wọ́n sì ti kọ Ọ̀ṣọ́ọ̀ṣì àti Ẹ̀gbá sínú gbogbo àpótí tó wà nínú rẹ̀. Irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ṣe. Java 9, tó jáde ní 2017, mọ ìwọ̀n lórí Windows àti Linux, èyí tí Java 8 kò mọ̀. Qt 6 ti 2020 náà kò tún ń dúró kí wọ́n rán an létí. Ẹni tó bá ṣì ń fi èyí àtijọ́ kọ́lé ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ fa ẹjọ́ oníbàárà.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ projector, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tàbí níbi ìpàdé. Ojú kọ̀ǹpútà wọn lè wà ní 200%, kí ti projector wà ní 100%. Ètò tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń béèrè ìwọ̀n á tóbi gbàràmù sára ògiri, tàbí kó ṣe bàìbàì, nígbà tí ìjọ bá ti dìde tán láti kọrin. Kí ẹ so projector mọ́ kọ̀ǹpútà ṣáájú kí ẹ tó ṣí ètò náà. Bó bá jẹ́ ojú ògiri nìkan ni iṣẹ́ wà, ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, kí ẹ tẹ P, kí ẹ mú Second screen only. Lẹ́yìn náà kí ẹ jáde kúrò nínú Windows, kí ẹ tún wọlé, kí ètò náà lè ka ìwọ̀n ògiri nígbà tó bá ń jí. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ó sì yẹ kí wọ́n ti ṣe é tán kí èèyàn tó máa wọlé.